Ìbéèrè tó ṣófo lórí SPADI, àti bí máàkì ṣe gbọ́dọ̀ dín tó

Ohun méjì lẹ béèrè. Ìyá kan tó ń dáhùn SPADI, fọ́ọ̀mù tí aláìsàn fi ń sọ bí èjìká ṣe ń dùn ún tó àti bí apá ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, fo ìbéèrè tó dá lórí mímú nǹkan jáde látinú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, nítorí ìró ni wọ́n máa ń ró: ṣé kí ẹ kọ òdo síbẹ̀? Èkejì, bí máàkì bá fi 6 dín, ṣé èjìká ti ń yá nìyẹn?

Ẹ má kọ òdo. Òdo lórí SPADI ni pé kò nira rárá, ìyá yẹn ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè 13 ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà, 5 lórí ìrora, 8 lórí ohun tí apá ń ṣe, láti 0 dé 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá kan aláìsàn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò pátápátá. Ká ní ìrora jẹ́ 8, 7, 8, 5, 6: 34 nínú 50, ìyẹn 68 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ apá jẹ́ 5, 8, 7, 4, 3, 8, 6, ìkẹjọ ṣófo: 41. 70 ni kí ẹ fi pín in, ẹ óò rí 58.6. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì: 63.3. Ẹni tó bá fi 80 pín in máa rí 59.6, ara ìyá ti “yá” kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ìbéèrè tí ẹ bá yọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa yọ ọ́ títí ìtọ́jú á fi parí.

Ní ti 6 yẹn, ó kéré. Ìwádìí fi ìyípadà tí aláìsàn máa mọ̀ lára sí nǹkan bí 8 sí 13. Lórí ẹnì kan ṣoṣo, ohun tí kò bá tó bíi 18 ṣì lè jẹ́ pé ìdáhùn kàn ń lọ sókè sódò ni.

Ìṣirò gan-an kọ́ ló máa ń ba máàkì jẹ́ jù. 10 nínú 10 ni máàkì olórí kíláàsì níléèwé, nítorí náà ẹ óò rí ẹni tó yan 10 torí pé ara rẹ̀ ti le. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: “Ká ní kò dùn yín rárá, mélòó lẹ máa yàn?” Bó bá ní 10, ẹ tún un ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ni “a dúpẹ́” wa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ìtọ́jú ò ní fẹ́ já físíò kulẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dáhùn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíì kà á sí i létí bí kò bá mọ̀wé, kí ọmọ tó sìn ín wá má sì bá a dáhùn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan ni fọ́ọ̀mù náà ń béèrè.

Bó bá jẹ́ gèlè wíwé tàbí iyán gígún ló ń dun ìyá lọ́kàn, ẹ má fi rọ́pò àpò ẹ̀yìn. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù mìíràn, PSFS, níbi tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ti ń dárúkọ iṣẹ́ 3 sí 5 tó nira fún un. Àmọ́ 10 níbẹ̀ ni pé ó ń ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀, òdì kejì SPADI. Kí àròpín tó fi 2 yí padà, tàbí kí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó fi 3 yí padà, ẹ má tíì kà á sí.

QuickDASH, fọ́ọ̀mù tó wà fún apá, èjìká àti ọwọ́ lápapọ̀, yá láti kọ: ìbéèrè 11, ẹyọ kan péré ló lè ṣófo. Ẹ fi iye ìbéèrè tó dáhùn pín àpapọ̀, ẹ yọ 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 25. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọwọ́ yòówù kéèyàn lò, ó gbà á. Ẹni tí èjìká ọ̀tún rẹ̀ gan pátápátá, tó wá ń fi òsì fọ ẹ̀yìn, máa gba máàkì tó dùn ún wò. Fún èjìká kan ṣoṣo, SPADI ni mo fara mọ́.

Bí ẹ bá sì rí Oxford Shoulder Score, fọ́ọ̀mù èjìká mìíràn, nínú fáìlì àtijọ́, ẹ wò ó dáadáa. 12 sí 60 ni tàtijọ́, èyí tó pọ̀ ló burú. 0 sí 48 ni tìsinsìnyí, 48 ló dára jù. Ẹ yọ máàkì àtijọ́ kúrò nínú 60, ẹ óò rí tìsinsìnyí. Bí wọ́n bá kàn kọ 40 láìsọ èwo ni, ẹ má lò ó.