Kí ni ìpìlẹ̀ mítà, kí sì ni «kílò» túmọ̀ sí?

Ọmọ Ẹ̀gbá kan bi mí bóyá òótọ́ ni pé gígùn ọ̀pá àṣẹ ọba Faransé kan ni wọ́n sọ di mítà. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń bí mi nínú, nítorí pé wọ́n gbé e sódì ni. «Ẹsẹ̀ ọba» ni òṣùwọ̀n tí àwọn ará Faransé ń lò tẹ́lẹ̀, ìlú kan kò sì fi ti ìlú kejì ṣe. Ìdàrúdàpọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ bọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìdìtẹ̀ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1789.

Ìyá mi àgbà ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Bí wọ́n bá fẹ́ wọn ọ̀pá aṣọ kan, wọn á mú etí aṣọ mọ́ imú, wọn á sì na apá kan tán pátápátá. Oníbàárà tó bá gbọ́n kì í dá wá; á mú ẹ̀gbọ́n tí apá rẹ̀ gùn dání, á ní, «Ìyá, ẹ jẹ́ kí bàbá yìí bá wa wọ̀n ọ́n.» Ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín, wọn á ní ọmọ ìka kò dọ́gba. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwe yìí tu òtòṣì nínú, n kò bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdí ìwọ̀n ni òwe náà ti ṣẹ̀ wá: ẹni tó bá ti fi ìka, àtẹ́lẹwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́ rajà rí ni ó yé jù.

Ohun tí kì í ṣe ara ẹnikẹ́ni ni àwọn onímọ̀ Faransé wá lọ. Ní 1791 wọ́n fẹnu kò pé mítà kan yóò jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù 10 ọ̀nà tó ti góńgó ayé níhà àríwá, tó gba Paris kọjá, dé ìlà tó pín ayé sí méjì ọgbọọgba. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Delambre àti Méchain, wọn apá kan rẹ̀, láti Dunkirk dé Barcelona, láàárín 1792 sí 1798.

Omi ni wọ́n fi so gígùn mọ́ ìwúwo, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wọn sì ti wú mi lórí jù. Ẹ kan àpótí tí ìbú, òòró àti gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mítà kan, kí ẹ rọ omi kún un: lítà kan nìyẹn, ìwúwo omi náà sì ni kílógíráàmù kan. Nítorí náà, ẹni tó pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ní odò Ògùn ti ru kílógíráàmù 25, láìka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ mọ́ ọn.

Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ẹgbẹ̀rún ni «kílò» ti wá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ra gáàsì «kílò mẹ́fà» kàn sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni, kò sọ ẹgbẹ̀rún kí ni. Ó ṣe mí láàánú pé àwọn ọmọ tó lọ sílé ẹ̀kọ́ náà kò bi ara wọn léèrè mọ́. Lónìí, ìrìn ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń pinnu mítà, láti 1983, kílógíráàmù náà sì bọ́ ní 2019 lọ́wọ́ òṣùwọ̀n onírin tí wọ́n fi ń pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí kò yí ohunkóhun padà lọ́jà.

Ní ti kóńgò tí a ṣì fi ń wọn gàrí, apá gígùn bàbá ìjọ́sí náà ló tún padà wá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí i dojú dé, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú.