Ọjọ́ Orí Wo Ni Òtútù Bá Ìrẹsì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àgbẹ̀. Àbúrò mi ń gbin ìrẹsì ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́bàá Kano. Èyí tó fọ́n ní oṣù Kejìlá láti tú gbìn, ewé rẹ̀ pọ́n, kò sì dàgbà. Ó gbọ́ pé wọ́n ń kórè ìrẹsì ní Hokkaido, ní Jàpáànù, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀. Ṣé kó wá irúgbìn wọn ni? – Olùkà láti Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí i, ṣùgbọ́n kó má wá a. Ìgbà ooru Hokkaido kúrú, nítorí náà ìrẹsì wọn ń sáré yọ ṣírí. Tí ooru Kano bá bá a, yóò yọ ṣírí kó tó ga, ohun tí wọ́n máa rí kó kò ní tó nǹkan.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ọjọ́ orí tí òtútù bá ìrẹsì. Jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tí irúgbìn ń jogún, tó ń gba ọmọ ìrẹsì là kọ́ ló ń gba èyí tó ti lóyún là, ìyẹn èyí tí ṣírí ti wà nínú igi rẹ̀.

Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ Ṣáínà ṣàlàyé jíìnì kan tí wọ́n pè ní COLD1, tó ń ran ọmọ ìrẹsì lọ́wọ́. Ara awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká ni purotéènì rẹ̀ wà. Bí òtútù bá dé, ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù wọ inú sẹ́ẹ̀lì bí ìkìlọ̀, ewéko á sì gbára dì. Ìyàtọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló ń ran japonica, ìrẹsì ilẹ̀ tútù, lọ́wọ́ ju indica, ìrẹsì ilẹ̀ ooru, lọ.

Ti oyún ló burú jù. Ní bí ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá kí ṣírí tó yọ, lẹ́búlẹ́bú akọ òdòdó ń dàgbà nínú igi ìrẹsì. Bí òtútù bá mú un fún ọjọ́ mélòó kan lásìkò yẹn, lẹ́búlẹ́bú náà bàjẹ́ nìyẹn. Ewé á ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò sẹ́ni tó máa fura. Ìgbà tí ṣírí bá dúró ṣánṣán tí kò tẹ̀ ni àgbẹ̀ tó mọ̀ pé èèpo lásán ló wà níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1993 nìyẹn, tí Jàpáànù fi ra ìrẹsì lọ́wọ́ Táílàńdì, Ṣáínà àti Amẹ́ríkà.

Ibi tí ìrànwọ́ ti wá wú mi lórí gan-an: Silewah, ìrẹsì Indonẹ́síà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ooru! Àwọn onímọ̀ Jàpáànù mú un pọ̀ mọ́ tiwọn títí wọ́n fi rí irú ìrẹsì kan tó ń fara da òtútù, Norin-PL8. Lọ́dún 2010 ni wọ́n ṣàlàyé jíìnì Ctb1 tó ti ara Silewah wá, lórí kúrómósóòmù kẹrin, ìyẹn okùn tí àwọn jíìnì tò sí. Àpò lẹ́búlẹ́bú ìrẹsì tó bá ní in máa ń gùn, lẹ́búlẹ́bú sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí irúgbìn àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó run.

Ti àbúrò yín, ti ọmọ ìrẹsì ni. Kó fi ọ̀rá bo ibi tó fọ́n in sí lálẹ́, kó ṣí i bí oòrùn bá yọ. Inú ilé ọ̀rá ni àwọn ará Hokkaido pàápàá ti ń tọ́ tiwọn kí wọ́n tó gbé e lọ sóko ní oṣù Karùn-ún. Kó sì wo oko àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú ọyẹ́: ẹni tí ìrẹsì tirẹ̀ kò bá pọ́n, kó bẹ̀ ẹ́ fún irúgbìn.