Kí pọ́ọ̀kì tó dé ọ̀dọ̀ yín ni ìfọ̀kànbalẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Ọmọ ọdún 38 ni mí, ọdún kẹta mi rèé nídìí họ́kì orí yìnyín. Eré ìdárayá lásán ni tiwa, kò sówó níbẹ̀. Tí a bá ń ṣe ìgbáradì, mo máa ń sáré dáadáa, ọ̀pá mi sì máa ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá ń bá ẹgbẹ́ mìíràn gbá, bí pọ́ọ̀kì, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tí a ń gbá, bá ti kan ọ̀pá mi báyìí, àyà mi á máa lù kìkì, ọwọ́ mi á le bí igi, màá kàn gbá a síwájú láìwo ẹnikẹ́ni, àwọn alátakò á sì gbà á. Ẹnìkan nínú wa ní kí n máa fa amóníà símú kí n tó wọlé, pé á là mí lójú. Ẹlòmíràn ní òun á bá mi mú lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá òun wá, pé á dín ìlù ọkàn mi kù. Èwo ni kí n lò nínú méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ má lo ìkankan. Ìbéèrè yìí ti wá pọ̀ jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó sì ń bí mi nínú. Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ béèrè ni mò ń bínú sí o, àwọn tó ń pín irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kiri ni. Kóòṣì ni mí, n kì í ṣe dókítà. Nítorí náà, bí àyà bá ń dùn yín, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí tí ọkàn yín ń lù kìkì nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sílé, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ kí ẹ tó tún padà sórí yìnyín.

Ẹ jẹ́ ká mú amóníà ná. Ohun tó ń ṣe ni pé òórùn rẹ̀ máa ń jó awọ inú imú, ara á ta gìrì, èèyàn á fa èémí wọlé lójijì, ọkàn á sì fò sókè. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ọkàn yín ti ń lù jù tẹ́lẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹ̀rù tó wà nílẹ̀ kò tíì tó ni? Ewu tó tún burú ju ìyẹn lọ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá forí gbá nǹkan, tí ọpọlọ rẹ̀ mì nínú agbárí, tí wọ́n wá fi amóníà sí nímú, ojú rẹ̀ lè là fún ìgbà díẹ̀, kí gbogbo èèyàn rò pé ó ti sàn. Bẹ́ẹ̀, ńṣe ló yẹ kó jáde. Bí ọrùn bá sì ti ṣèṣe, títa gìrì yẹn lè dá kún un. Ẹni tó bá ti forí gbá, tó ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí orí ń fọ́ tàbí tí kò rántí ibi tó wà, eré parí fún un lọ́jọ́ yẹn. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí.

Ti oògùn ìyá ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Ìyá ni wọ́n kọ ọ́ fún. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dẹ ìlù ọkàn, irú bíi propranolol, kì í jẹ́ kí ọkàn lè sáré tó bó ṣe yẹ nígbà tí ẹsẹ̀ bá nílò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò nílò rẹ̀ tó bá lò ó kó tó sáré lè rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òòyì lè kọ́ ọ, ó sì lè dákú. Tó bá jẹ́ ẹni tó ní ikọ́-fée ni, oògùn náà lè dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù gbígbẹ tó wà lórí yìnyín sì tún máa ń fún ọ̀nà èémí ọ̀pọ̀ àwa tí à ń gbá eré yìí. Ọtí náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bó tilẹ̀ dà bíi pé ó ń fini lọ́kàn balẹ̀, ojú ló ń mú kó lọ́ra.

Gbogbo ìmọ̀ràn wọ̀nyí, àṣìṣe kan náà ló wà nídìí wọn. Wọ́n rò pé ìgbà tí pọ́ọ̀kì kan ọ̀pá yín ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń wá ohun tí wọ́n máa fi pa ẹ̀rù ìṣẹ́jú yẹn. Wọ́n ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Àyà tó ń já yẹn kì í ṣe àìsàn. Ọpọlọ yín ló ń sọ fún yín pé ẹ gba nǹkan tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ máa gbé e sí, àti pé èémí ti tán nínú yín kí ẹ tó gbà á. Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn, méjèèjì ló sì ti ṣẹlẹ̀ kí pọ́ọ̀kì tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èémí, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Ìwọlé kan, ìyẹn àsìkò tí ẹ fi wà lórí yìnyín kí ẹ tó padà sí bẹ́ǹṣì, báwo ló ṣe ń gùn tó fún yín? Àwọn tó ń jẹun nídìí eré yìí ní NHL, ìyẹn líìgì họ́kì ńlá ti Àríwá Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 45 ni tiwọn. Àwa tí à ń fi ṣeré ló ń dúró fún ìṣẹ́jú méjì, torí a rò pé a kò tíì gbádùn tó. Agbára tí iṣan ẹsẹ̀ fi ń tú eré àsápajúdé kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ kó tó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ṣúgà ni iṣan á máa jó láìrí ọ́síjìn tó. Tó bá ti di ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ á wúwo, ẹ̀yìn á tẹ̀, orí á sì dorí kodò. Ìdajì agbára yẹn lè padà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 tí ẹ bá jókòó, ṣùgbọ́n kó tó kún padà tán, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Torí náà, ẹ wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá 45. Bí èèyàn yín bá kéré, ẹ fi í sí 60, kí ẹ sì jẹ́ kí bàtà máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀ níbi tí eré kò bá ti pọn dandan. Ìgbà tí pọ́ọ̀kì bá ti jìnnà wọ apá àwọn alátakò ni kí ẹ sáré jáde. Bí wọ́n bá ti ń gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ kò gbọdọ̀ jáde, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó.

Tí ẹ bá dé bẹ́ǹṣì, ẹ má tẹ̀ kọ́rọ́ sórí orúnkún. Ẹ nàró, ẹ fi imú fa èémí wọlé títí ẹ ó fi ka ẹní dé ẹẹ́rin, kí ẹ fi ẹnu tú u jáde títí ẹ ó fi ka ẹẹ́fà. Ẹ ṣe é bí ìgbà márùn-ún. Àtújáde tó gùn ju àfàwọlé lọ ló ń mú kí ìlù ọkàn wálẹ̀, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lé e lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wo ẹni tó ń gbá ipò yín nínú àwọn alátakò. Ọwọ́ wo ló fi ń gbá? Ṣé ó máa ń já wọ àárín ni, àbí ó máa ń lọ sí ẹ̀gbẹ́? Ọ̀rọ̀ àròyé nípa rẹfirí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe.

Èyí tó kù ni ojú. Láti 1959 ni onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Easterbrook ti kọ̀wé pé bí ara èèyàn bá ti ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye nǹkan tí ó ń kíyè sí á máa dín kù. Ẹ ti rí i lára yín: pọ́ọ̀kì nìkan lẹ máa ń rí, ẹnìkejì yín tó ń pariwo ní mítà mẹ́ta sí yín ti di ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ara ti gbóná tán kọ́ ló yẹ kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wò. Ẹ wò kó tó gbóná. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Páàsì tó ti mítà 12 wá lè lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lórí yìnyín. Nígbà tí ẹnìkejì yín bá ń gbójú sókè láti ta á, ẹ bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kí àgbọ̀n yín kan èjìká. Nígbà tí pọ́ọ̀kì bá ti kúrò lọ́pá rẹ̀, ẹ tún wò lẹ́ẹ̀kan, kí ó yá. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ojú padà sórí pọ́ọ̀kì títí yóò fi kan ọ̀pá yín. Ohun méjì péré ni kí ẹ máa wá: alátakò tó sún mọ́ yín jù lọ, àti ibi tí yìnyín ti ṣófo. Ẹ má gbìyànjú láti rí gbogbo èèyàn. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé èèyàn á yí orí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára pọ́ọ̀kì. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan. Bí ẹ bá wò tán tí ẹ kò lè sọ àwọ̀ aṣọ ẹni tó wà lẹ́yìn yín, ẹ kò tíì wò.

Kí pọ́ọ̀kì tó dé, ẹ ti gbọ́dọ̀ ní èsì méjì lọ́wọ́: ẹni tí ẹ máa fún, àti ibi tí ẹ máa gbá a sí bí ọ̀nà ẹni yẹn bá dí. Èsì yìí sinmi lórí ibi tí ẹ wà. Ní apá tiyín, ẹ fún ẹnìkejì yín tó wà lẹ́yìn ilé, ìyẹn àwọ̀n tí aṣọ́lé yín ń ṣọ́, tàbí ẹni tó dúró létí ògiri. Bí kò bá sí, ẹ gbá a gba ara ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín jáde kọjá ìlà búlúù tó pààlà apá tiyín, kódà bí alátakò bá máa gbà á níbẹ̀. Ẹ má ta á kọjá iwájú aṣọ́lé yín láéláé. Àárín pápá ńkọ́? Bí méjì nínú wọn bá dúró dè yín níbi ìlà búlúù wọn, tí ẹ sì dá wà, ẹ tì í kọjá wọn sí kọ̀rọ̀, bí ẹ bá ti kọjá ìlà pupa àárín. Bí ẹ kò bá tíì kọjá rẹ̀, tí ẹ wá gbá a dé òpin pápá tí kò kan ẹnikẹ́ni, rẹfirí á fọn fèrè, wọn á dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín. Dípò ìyẹn, ẹ yí padà kí ẹ dá a fún àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn. Dídá a padà kì í ṣe ojo. Apá àwọn alátakò ni kí ẹ ti máa dán àrà wò, ibẹ̀ ni pípàdánù rẹ̀ kò ti wọ́n púpọ̀.

Ẹ sọ pé ọwọ́ yín máa ń le. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọwọ́ ìsàlẹ̀ bá fún ọ̀pá pa, pọ́ọ̀kì tó kàn án á ta padà bí ẹni pé ògiri ló kàn. Bí ẹ bá fi 10 ṣe ìwọ̀n agbára ọwọ́ yín, kí ọwọ́ ìsàlẹ̀ lo 3. Ọwọ́ òkè ni kí ó darí. Bí pọ́ọ̀kì bá ti kàn, ẹ jẹ́ kí ojú ọ̀pá fà sẹ́yìn díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kó tẹ̀ bò ó. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ gbé e kúrò lọ́dọ̀ alátakò, ẹ sá ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí ibi tó ṣófo. Àsìkò tí ẹ rò pé ẹ kò ní, inú ẹsẹ̀ méjì yẹn ló wà.

Ẹ tún yẹ irinṣẹ́ yín wò. Ọ̀pá tó ga ju àgbọ̀n lọ nígbà tí ẹ wọ bàtà yìnyín máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ òkè há ara. Àṣíborí tó ti yọ̀ wálẹ̀ sójú ń dí yín lójú, ìwọ̀n ìka kan lókè ìrun ojú ló yẹ kó wà. Irin ìbòjú pàápàá máa ń bo pọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀ bí ó bá sún mọ́ ẹsẹ̀ jù. Ẹ gbé pọ́ọ̀kì síwájú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ lè máa rí i nísàlẹ̀ ojú láìdorí kodò. Ìbàdí kọ́ ni kí ẹ fi tẹ̀, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ni.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Bí ẹ bá ń lọ mú pọ́ọ̀kì lára ògiri, ẹ bojú wẹ̀yìn kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ má kọjú sí ògiri gbọọrọ. Ẹ má dúró ní mítà kan tàbí méjì sí i pẹ̀lú orí ní ìsàlẹ̀. Kódà níbi tí òfin kò ti gba kí a fara kọlu ara, èèyàn ń yọ̀, èèyàn ń ṣubú, ọrùn ló sì máa ń gbà á.

Ní ìdíje mẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ má ka gòólù, ẹ má ka páàsì. Ẹ bẹ ẹni tó jókòó ní bẹ́ǹṣì kó bá yín ka iye ìgbà tí ẹ bojú wẹ̀yìn kí pọ́ọ̀kì tó dé ọwọ́ yín, kó sì wo aago fún ìwọlé kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ bá ń wò lẹ́ẹ̀mejì nígbà gbogbo, tí ìwọlé yín kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí ọwọ́ yín ṣì ń le, nígbà náà la máa mọ̀ pé ọwọ́ yín gan-an ló nílò iṣẹ́. Ẹ wá bọ́ọ̀lù igi kékeré kan, kí ẹ máa fi ọ̀pá yí i lórí ilẹ̀ dídán nílé fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ẹnìkan máa na ìka sókè níwájú yín, kí ẹ̀yin máa pe iye ìka náà láìwo bọ́ọ̀lù.