Àbúrò akọ̀wé, ta ni yóò máa bomi rin kọ́nkéré yẹn?

Àbúrò, kú oríire oyè akọ̀wé o. O ní ẹgbẹ́ bíríkìlà yín l'Ómù-Àrán fẹ́ ṣe fírídọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iṣẹ́ nínú ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí, pé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ẹ máa fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ da afárá kékeré sórí gọ́tà iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí o kọ lẹ́tà, o ò mọ ẹni tí wàá kọ ọ́ sí. Màá dé orí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àyà mi já nígbà tí mo rí "ọyẹ́" àti "iṣẹ́ ọ̀fẹ́" lójú kan náà, torí èmi náà ti ṣe akọ̀wé rí.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló wà n'Ílọrin, mi ò ní sọ èyí tọ́rọ̀ yìí kàn. Irú afárá bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ládùúgbò wa. Ẹnjiníà káńsù ní ká má tíì da nǹkan kan, òun ń bọ̀ wá wo irin. A fún un lówó mọ́tò, kò wá. A tún fún un, ó ní ara òun ò yá. Lọ́sẹ̀ kẹta, alága wa ní ká dà á jàre, bíríkìlà 18 ló dúró síbí yìí, kí ni ẹnjiníà fẹ́ rí tójú wa ò rí? Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn dùn. Àwọn ọmọ àdúgbò ń ru omi, ìyá ẹlẹ́kọ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. A ò fi sìmẹ́ńtì ṣahun rárá: àpò kan sí páànù iyanrìn mẹ́rin, páànù òkúta mẹ́jọ. Nígbà tílẹ̀ fi máa ṣú, ojú ẹ̀ ti ń dán.

Lọ́jọ́ kejì, kálukú gba sáìtì ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kò sẹ́ni tí a yàn pé kó máa bomi rin ín. Mo rò pé alága ti rán ọmọ iṣẹ́ sí i, alága náà rò pé mo ti ṣètò ẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ń bó. Kọ́nkéré tómi ẹ̀ bá tètè gbẹ kì í le, ó kéré tán ó yẹ kó fi ọjọ́ 7 mu omi, ọjọ́ 28 la sì máa ń kà fún un kó tó gbó. Tiwa ò mu ife kan. Lóru ọjọ́ kẹrin, ẹnì kan gbé táyà tí a fi dínà kúrò, típà iyanrìn gorí ẹ̀. Láàárọ̀, ó ti lanu. Mo ki ọmọńdinrín mi bọ̀ ọ́, ó wọlé dé ìdí. Ìyá ẹlẹ́kọ wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀yin yìí náà lẹ ń kọ́lé fún èèyàn?"

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹnjiníà wá, tòun ti bàtà dídán. Ta ló fún yín láṣẹ? Mo ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ ń bọ̀, tí a fún yín lówó mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní níbo la kọ ọ́ sí. Ẹnu la fi sọ gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ wa la fi fọ́ ọ, ọjọ́ méjì gbáko pẹ̀lú òòlù, a tún dáwó, a tún un dà. Àwọn tó torí owó yẹn bínú kúrò lẹ́gbẹ́ ò tíì padà dòní. Èmi ni mo ń sùn tì í lóru, tí mò ń rẹ àpò ìdọ̀họ sómi, tí mò ń tẹ́ ẹ lé e lórí bí ẹní ọmọ tuntun.

Bí olóṣèlú bá fẹ́ fi sìmẹ́ńtì ta yín lọ́rẹ, wo ara àpò kí o tó dúpẹ́. Láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti ní sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ 32.5 sí lára ò ju kí wọ́n fi rẹ́ ògiri lọ, èyí tí wọ́n kọ 42.5 sí ni kí ẹ gbà. Èyí tó bá ti dì, ẹ má fi ṣọ́bìrì fọ́ ọ pò, ẹ dá a padà, kó bínú bó bá fẹ́. Ó ṣáà máa fẹ́ gbé àwòrán ara ẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Ẹ sì ṣeun tẹ́ ẹ ya fírídọ́ọ̀mù sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ iṣẹ́, torí mi ò tíì rí ẹni tó ń fi aṣọ ẹbí po kọ́nkéré.

Lẹ́tà tí o béèrè: alága káńsù Ìrẹ́pọ̀dùn ni kí o kọ ọ́ sí, ilé káńsù náà kúkú wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Fún ọ̀fíísì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà àti ààfin Olómù ní ẹ̀dà. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sára tìẹ, má fi sílẹ̀ kúrò níbẹ̀ láìlù ú. Bó bá jẹ́ gọ́tà títì ìjọba àpapọ̀ ni, káńsù ò láṣẹ lórí ẹ̀, béèrè ìyẹn kí o tó ra ohun èlò kankan. Kọ orúkọ ẹni méje tí yóò máa bomi rin ín sínú ìwé ìpàdé, ẹnì kan lọ́jọ́ kan, kí kálukú fọwọ́ sí i kí ẹ tó jẹ ìrẹsì fírídọ́ọ̀mù.