Ara mi kọ statin: bí mo ṣe fa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀

Ẹ kú ìtọ́jú màámá yín o. Ẹ ní dókítà ti ní kí wọ́n má lo statin, oògùn tó ń fa cholesterol wálẹ̀, mọ́ nítorí pé ó ń mú ara ro wọ́n, pé LDL wọn, ìyẹn cholesterol burúkú tó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀, ṣì wà ní 5.1, pé ẹnìkan sì ti ń rọ̀ yín kí ẹ máa ra àgbo ní ìgò-ìgò fún wọn. Ẹ wá béèrè bóyá ọ̀nà kankan ṣẹ́ kù. Ó kù dáadáa. Láti 2018 ni mo ti wà lórí ọ̀nà yẹn. LDL mi tó jẹ́ 5.2 nígbà náà ti di 2.8 báyìí, láìsí statin rárá. Èmi kì í ṣe dókítà o, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe ní London níbí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa bi dókítà.

Bàbá wa ṣubú lulẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́mọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, wọn ò dìde mọ́. Nítorí náà, nígbà tí èsì àyẹ̀wò mi jáde, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n fún mi ní atorvastatin, irú statin kan, mo ń lò ó lálaalẹ́. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ń múra òde ìgbéyàwó, mo gbé ọwọ́ sókè láti wé gèlè, apá méjèèjì já wálẹ̀. Mo tún gbé wọn sókè, wọ́n tún já. Ọmọ mi ló bá mi wé e. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mi ò lè gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì mọ́. Mo lọ rí ẹnìkan nílé ìwòsàn, ó ní arúgbó tí mò ń gbé sókè gbé sílẹ̀ ló fà á, kí n lọ sinmi. Kò yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ọjọ́ kẹrin, ìtọ̀ mi dúdú bíi tíì tí wọn ò bu mílíkì sí. Ìyẹn ló gbé mi dé ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé ẹran ara mi ló ń yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tó sì fẹ́ ba kíndìnrín jẹ́. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fa omi sí mi lára. Tí màámá bá rí irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ mọ́ bá yín nílé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà pé ilẹ̀kùn statin ti tì pátápátá, ẹ béèrè bóyá wọ́n yẹ CK wọn wò nígbà tí ara ń ro wọ́n. CK ni ohun tí ẹran ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tó bá ń bàjẹ́. Temi lé ní 10,000. (Ti àwa aláwọ̀ dúdú máa ń ga díẹ̀ ju ti òyìnbó lọ láìsí àìsàn kankan, ẹ rán dókítà létí.) Tó bá jẹ́ ara ríro lásán ni, tí CK kò gbéra, statin mìíràn ní ìwọ̀n kékeré ṣì lè bá wọn lára mu. Àwọn oníwádìí Imperial College London dán an wò lára ọgọ́ta èèyàn tí wọ́n ti pa statin tì: lóṣù kan wọ́n á fún wọn ní statin, lóṣù mìíràn wọ́n á fún wọn ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èwo lèwo. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020: ìdá 90 nínú 100 ìnira tí wọ́n ní nígbà statin náà ni wọ́n ní nígbà tí oògùn wọn ò ní nǹkan kan nínú. Mi ò sọ pé màámá ń purọ́, ìrora náà dun àwọn èèyàn yẹn lóòótọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ ti wọn. Ẹ ní kí wọ́n yẹ thyroid inú ọrùn wọn wò pẹ̀lú, torí tí kò bá ṣiṣẹ́ tó, òun nìkan tó láti gbé cholesterol sókè, kó sì tún mú gbogbo ara ro. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ lọ. Antibiotic bíi clarithromycin lè mú kí simvastatin kún inú ẹ̀jẹ̀ kọjá ààlà.

Lọ́dọ̀ tèmi, wọ́n dán rosuvastatin, statin mìíràn, wò ní ìwọ̀n kékeré, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kó tó pé oṣù kan, CK tún ti ń gòkè. Wọ́n ní ó tó.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe rèé. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó, mo rò pé nígbà tí oògùn ti lọ, wàhálà ti lọ. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kì í ro èèyàn, kì í yún èèyàn, bẹ́ẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ fún mi nípa red yeast rice, ìrẹsì tí àwọn ará Ṣáínà fi ìwúkàrà sọ di pupa. Wọ́n ní ewé àti egbò ni, kò lè ṣe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, itan mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Apòògùn àdúgbò wa ló là mí lóye: ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìrẹsì yẹn, monacolin K, òun gan-an ni lovastatin. Statin ni mo ń jẹ láìmọ̀. Inú èbu, irú èyí tó máa ń hù lára oúnjẹ tó ti pẹ́, ni Akira Endo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan, ti rí statin àkọ́kọ́ láàárín ọdún 1970 sí 1979, nítorí náà pé nǹkan wá láti inú ilẹ̀ tàbí láti ara igi kò ní kó má ṣe ara tó kọ̀ ọ́ ní jàǹbá. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún màámá.

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi pinnu láti mọ iye epo tí mò ń lò, ó ní kí n da epo ẹ̀fọ́ sínú agolo mílíkì kí n tó dà á sí ìkòkò, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ mi ṣe máa ń dà á. Agolo náà kún. Ọbẹ̀ èèyàn mẹ́rin nìyẹn! Ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ló jẹ́ irú èyí tó máa ń dì, ti àdín tó ìdá 80 nínú 100, ti òróró àgbọn sì tó ìdá 90. Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rí LDL kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n á kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì pé “kò ní cholesterol”. Òótọ́ ni, ohun ọ̀gbìn kankan kò ní in, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣíbí ńlá méjì ni mò ń wọ̀n sí ọbẹ̀ báyìí. Irú, ẹja gbígbẹ àti àlùbọ́sà ló ń ṣe ìyókù, ọkọ mi kò sì mọ̀ títí mo fi sọ fún un. Mo pa awọ adìyẹ, tọ́kì díndín àti bọ́tà tì. Ayamáṣe di ti ọdún àti ìnáwó.

Ohun tí mo fi kún un ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀wà, lójoojúmọ́ ayé: mọ́ínmọ́ín, èkuru, gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà sísè. Ilá náà, àti oats láàárọ̀. Ọ̀yọ̀ inú wọn máa ń so òróǹro mọ́ra nínú ìfun, èèyàn á sì yà á dànù. Láti ara cholesterol ni ẹ̀dọ̀ ti ń ṣe òróǹro, torí náà ó di dandan kó lọ fa LDL nínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òmíràn. Mò ń jẹ àsálà àti ẹ̀pà dípò ṣinṣín, títù àti ṣáwá dípò ẹran olọ́ràá. Nígbà tí àwọn oníwádìí fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá n'Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, nínú iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ti Ìbàdàn ni cholesterol wọn kéré jù. Lójú tèmi, oúnjẹ ìyá àgbà wa kọ́ ló ń pa wá, ohun tí a dà lé e lórí ni.

Oṣù mẹ́rin oúnjẹ yẹn fa LDL mi láti 5.2 sí 4.5. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó jogún tiẹ̀ lọ́wọ́ bàbá kò lè fi ẹ̀wà nìkan san gbèsè náà. Dókítà mìíràn tí mo bá pàdé ló fún mi ní ezetimibe, 10 mg lóòjọ́. Inú ìfun lòun ti ń ṣiṣẹ́, ó ń dí ọ̀nà tí cholesterol ń gbà wọnú ara. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ló sábà máa ń gé kúrò. Temi di 3.6, iṣan mi kò sì mọ̀ pé mo gbé nǹkan mì. Òun ni mo máa kọ́kọ́ béèrè fún màámá. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà, torí oògùn ojoojúmọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi oògùn mìíràn, bempedoic acid, kún un, 180 mg. Ẹ̀dọ̀ lòun náà ń lọ bíi statin, ṣùgbọ́n ohun tó ń jí i láti ṣiṣẹ́ kò sí nínú ẹran ẹsẹ̀ àti apá, nítorí náà kì í bá wọn jà. Ní 2023, ìwádìí kan lórí nǹkan bí 14,000 èèyàn tí ara wọn kọ statin fi hàn pé ó dín ikú àrùn ọkàn, ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti iṣẹ́ abẹ òpó ọkàn kù, ní àpapọ̀, ní ìdá 13 nínú 100. Ó ní tirẹ̀ o: ó máa ń gbé uric acid sókè, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa gout, àìsàn oríkèé. Lóru ọjọ́ kan, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi wú, ó pọ́n, aṣọ ìbora kò gbọ́dọ̀ kàn án. Tí màámá bá ti ní gout rí, tàbí tí iṣan gìgísẹ̀ wọn ti já rí, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú.

Abẹ́rẹ́ náà wà. Àbúrò mi ọkùnrin ní Houston ń fi evolocumab gún ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, inú fíríìjì ló ń tọ́jú ẹ̀ sí, ó sì lè gé LDL ní ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Inclisiran, abẹ́rẹ́ mìíràn, jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lẹ́yìn ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Owó wọn ga gan-an. Ohun kan nípa wọn sì máa ń wú mi lórí: ní 2006, wọ́n ṣàyẹ̀wò àwọn aláwọ̀ dúdú tó lé ní 3,000 ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé nǹkan bí 26 nínú 1,000 wọn ni a bí pẹ̀lú jíìnì PCSK9 tí kò ṣiṣẹ́ (PCSK9 ni kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tó). LDL àwọn yẹn fi ìdá 28 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù, àrùn òpó ọkàn sì fi ìdá 88 nínú 100 dín kù lára wọn. Dídí PCSK9 yẹn ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wọ̀nyí. Ara àwọn èèyàn wa ni wọ́n ti rí i kedere pé ó dára.

Ní ti ẹni tó ń ta àgbo, ẹ bi í léèrè ìwọ̀n LDL ẹnìkan kó tó mu ún àti lẹ́yìn tó mu ún. Ara màámá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wàhálà ni, ẹ má tún dán an wò.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò CK, TSH (ti thyroid), creatinine (ti kíndìnrín) àti cholesterol wọn. Tí ilé àyẹ̀wò bá kọ ọ́ ní mg/dL, ẹ fi 38.67 pín LDL náà kí ó lè di irú tèmi, mmol/L. Kí ẹ̀yin fúnra yín náà fi ọwọ́ sílẹ̀ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, torí tó bá jẹ́ ti ìdílé, nínú ọmọ méjì, ẹnìkan ló sábà máa ń jogún rẹ̀. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà sí mi, ẹ sì bá mi kí wọn.