Ṣé Ọkọ̀ Ojú Irin Ló Sọ Rhyolite Di Ahoro?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ ìtàn Rhyolite, ìlú àwọn awakùsà kan tó wà ní aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, tó ti di ahoro báyìí. Àwọn kan ní ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin kò yà síbẹ̀ mọ́ ni ìlú náà tú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

ÌDÁHÙN: Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú ti tú tán kí ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́rù rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 1904 ni Shorty Harris àti Ed Cross rí wúrà ní àwọn òkè Bullfrog, nítòsí Death Valley, ìròyìn rẹ̀ sì tàn kálẹ̀ débi pé nígbà tí yóò fi di ọdún 1905, wọ́n ti tẹ Rhyolite dó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1906, ọkọ̀ iléeṣẹ́ Las Vegas and Tonopah kọ́kọ́ wọ ìlú, iléeṣẹ́ méjì mìíràn sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1907.

Ẹ wo bí igi ìkọ́lé ti ṣọ̀wọ́n tó níbẹ̀. Ní ọdún 1906, awakùsà kan tó ń jẹ́ Tom Kelly ṣa ìgò bí 50,000 jọ, ìgò bíà ló pọ̀ jù nínú wọn, ó fi wọ́n kọ́ ilé: ó tò wọ́n lé ara wọn, ó fi amọ̀ dí àárín wọn, ìdí ìgò ló sì kọjú síta. Ilé náà ṣì wà títí dòní, ó sì yẹ kí a máa bọ̀wọ̀ fún irú làákàyè bẹ́ẹ̀.

Owó ni ó kọ́kọ́ dá ìlú náà lóró. Olówó ńlá Charles Schwab ra Montgomery Shoshone, ibi ìwakùsà tó tóbi jù nítòsí ìlú náà, ní ọdún 1906, ó sì náwó sí i gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀dá owó tó bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1907 kò jẹ́ kí àwọn awakùsà rí owó yá mọ́. Nígbà tí àyẹ̀wò tí àwọn onípìn-ín fúnra wọn bẹ̀ ní ọdún 1908 sì fi hàn pé ibi ìwakùsà náà kò níye lórí tó bí wọ́n ti rò, iye ìpín rẹ̀ já wálẹ̀ pátápátá. Ètò ìkànìyàn ọdún 1910 ka ènìyàn 675 péré, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti gbé rí. Ibi ìwakùsà náà tì ní ọdún 1911, wọ́n gé iná mànàmáná ní ọdún 1916, ọdún 1918 ni Las Vegas and Tonopah tó kógbá sílé.

Ibùdókọ̀ iléeṣẹ́ náà ṣì dúró tòun ti òrùlé rẹ̀, nígbà tí ilé báǹkì alájà mẹ́ta, tó ná wọn ní nǹkan bí 90,000 dọ́là, ti ku ògiri lásán. Púpọ̀ nínú àwọn ilé yòókù ni wọ́n tú, tí wọ́n sì kó lọ sí Beatty nítòsí. Kódà, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn awakùsà ni Beatty fi ṣe gbọ̀ngàn ìlú tirẹ̀.