Máníjà Ti Géètì, Ó Ní Ká Máa Ka Ọjà: Ta Ló Máa Sanwó Wákàtí Yẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Agbẹjọ́rò. Kaṣíà ni mí ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan n'Íbàdàn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ pé a ó máa ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti lọ tán, máníjà á ní ká to ọjà sórí pẹpẹ, ká ka ọjà, ká gbálẹ̀. Olùṣọ́ ò ní ṣí géètì títí tó fi máa kọjá aago mẹ́wàá ààbọ̀. Wọn kì í fi kọ́bọ̀ kan lé owó oṣù wa. Ẹni tó bá ráhùn, wọ́n á ní àwọn tó ń wáṣẹ́ pọ̀ níta. Ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kò gbà bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ lálaalẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ó ti di wákàtí 36 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin ààbọ̀ nìyẹn tó o fi ń sin ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Abala 13 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, sọ pé wákàtí tí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ ṣe lé èyí tí wọ́n jọ ṣàdéhùn, ófátáìmù ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: òfin yẹn ò dárúkọ iye tí wọ́n máa san. Inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tàbí àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ la ti ń wá a. Tún ìwé tìrẹ kà dáadáa. Ẹlẹgbẹ́ rẹ tí wọn ò fún níwèé, abala 7 ní kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ owó àti wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹni tó bá sì gbé ófátáìmù lọ sí National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, òun ló máa fi ẹ̀rí hàn: ọjọ́ wo, wákàtí mélòó, ta ló pàṣẹ, báwo ló ṣe ṣírò owó tó ń béèrè. Mo ti rí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lóòótọ́, tí ẹjọ́ rẹ̀ fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ torí pé kò ní àkọsílẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, ra ìwé kékeré kan. Kọ ọ́ báyìí: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:05 sí 10:40, a ka mílíìkì àti ọṣẹ, máníjà ló ní ká ṣe é." Má pa àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tó ti ní kẹ́nikẹ́ni má lọ rẹ́. Kódà owó Micra tó o wọ̀ lóru, kọ ọ́ síbẹ̀.

Ti géètì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́. Abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló dáàbò bo òmìnira ẹni, kò sí máníjà tó lágbára láti ti èèyàn mọ́lé. Bí iná bá sọ ńkọ́?

Mi ò ní tàn ọ́: wọ́n lè fún ọ ní nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n tó dá ọ dúró níṣẹ́, bó o bá ti lé ní oṣù mẹ́ta àmọ́ tó ò tíì pé ọdún méjì níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àkọsílẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹjọ́. Má sì dá lọ. Ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ẹ jọ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà, kẹ́ ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, n'Íbàdàn níbẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn lálẹ́ òní. Kọ ti àná náà sí i, bó o bá ṣì rántí aago tó o jáde.